Ohun Tí Ń Fọ Omi Ẹja

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ẹja inú ọ̀sà, bí kò ṣe ẹja tí a ń sìn nínú ilé.

Aṣọ ni mo ń rán ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn ilé mi, mo ní adágún kékeré kan tí a fi símẹ́ńtì mọ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, jíjìn rẹ̀ náà jẹ́ mítà 1. Bí ó bá kún, lítà omi 1000 ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹja àrọ̀ ni mo ń sìn níbẹ̀. À ń jẹ lára rẹ̀, à ń tà lára rẹ̀, owó rẹ̀ sì ń ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí aṣọ rírán kò bá yá.

Kí ni ó dé tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè wa ni ó fẹ́ sin ẹja. Wọ́n ra ọmọ ẹja, wọ́n ra oúnjẹ ẹja, inú wọn sì dùn. Kò pẹ́, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí wọ́n bá lọ béèrè, ẹni tí ń ta irinṣẹ́ ẹja yóò sọ fún wọn pé àfi kí wọ́n ra àwọn ike róbótó kéékèèké tí ó ti òkè òkun wá, èyí tí a ń dà sínú àgbá ìfọmi. Wọ́n sọ iye rẹ̀ fún èmi náà. Mo ṣírò rẹ̀, mo sì rí i pé ó tó owó oúnjẹ ilé mi fún oṣù kan.

Ẹ̀yin ará, ohun tí ó lè ṣe iṣẹ́ kan náà wà ní ẹ̀yìn ilé wa. Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

OMI TÍ Ó MỌ́ LÓJÚ LÈ JẸ́ MÁJÈLÉ

Ẹja ń jẹun. Ohun tí ó bá jẹ gbọdọ̀ jáde. Lára ohun tí ń jáde lára ẹja ni ohun kan tí wọ́n ń pè ní amóníà. Ẹ mọ òórùn rẹ̀. Òun ni ó ń ta wá nímú bí a bá wọ ilé ìtọ̀ tí wọn kò fọ̀. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán, tí ó jẹrà sí ìsàlẹ̀ omi, ń mú amóníà wá pẹ̀lú.

Ojú kò lè rí amóníà nínú omi. Omi lè mọ́ gaara, kí ẹ máa rí ìsàlẹ̀ adágún bí ẹ ti ń rí àtẹ́lẹwọ́ yín, síbẹ̀ kí ó jẹ́ májèlé. Ó máa ń ba ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ jẹ́. Ẹja àrọ̀ lágbára. Ó lè yọ ẹnu sókè kí ó gbé afẹ́fẹ́ mì, nítorí náà ó ń fara da omi tí kò dára ju ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n bí amóníà bá pọ̀ jù, àrọ̀ náà yóò kú.

Kí ni a lè ṣe? Ọ̀nà kan ni pé kí a máa da omi nù, kí a sì máa bu òmíràn sí i. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí garawa wa bá gba lítà 20, adágún lítà 1000 yóò gba garawa 50. Ẹni tí ń ra omi mọ ohun tí garawa 50 jẹ́. Ẹni tí ń fa omi kànga mọ̀ ọ́n ní èjìká.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a wá òṣìṣẹ́ tí yóò máa fọ omi náà fún wa lọ́sàn-án lóru, tí kò ní gba owó. Àwọn òṣìṣẹ́ náà wà.

ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ TÍ OJÚ KÒ RÍ

Ẹ ti kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ní kíláàsì. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Àwọn kan lára wọn ń fa àrùn, bí èyí tí ń fa onígbáméjì. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ni ọ̀tá. Àwọn kan ni ó ń mú kí ògì kan. Àwọn kan ni ó ń sọ irúgbá di irú. Àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ wọn ni láti fọ omi.

Ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n. Ọ̀wọ́ kìíní ń jẹ amóníà, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ohun tí a ń pè ní nítírítì. Nítírítì náà ṣì jẹ́ májèlé fún ẹja. Ọ̀wọ́ kejì ń gba nítírítì, wọ́n sì ń sọ ọ́ di nítírátì. Nítírátì kì í tètè pa ẹja lára, oúnjẹ sì ni fún ewéko. Bí ọ̀wọ́ kan bá ṣiṣẹ́ tí èkejì kò ṣiṣẹ́, ẹja kò tí ì bọ́ nínú ewu.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ọkùnrin ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Sergei Winogradsky, ni ó ṣàwárí iṣẹ́ ọ̀wọ́ kòkòrò méjèèjì yìí ní nǹkan bí ọdún 1890, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Zurich.

Kí ni àwọn òṣìṣẹ́ yìí ń fẹ́? Nǹkan mẹ́ta péré ni: oúnjẹ, afẹ́fẹ́ àti ilé. Oúnjẹ wọn ni amóníà, ẹja ń pèsè rẹ̀ lójoojúmọ́. Afẹ́fẹ́ wọn wà nínú omi tí ń ṣàn tàbí tí ń dà. Ilé wọn ni ohun líle kan tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́, nítorí wọn kò fẹ́ràn láti máa léfòó káàkiri.

Bí a bá fi ìkòkò omi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìfọ̀ ọ́, tí a wá fi ọwọ́ kan inú rẹ̀, a ó rí i pé ó ń yọ̀. Ohun tí ń yọ̀ náà, alààyè kéékèèké ni ó kún inú rẹ̀.

Àwọn apẹja wa mọ agbára ohun yíyọ̀ yìí kí ìwé tó dé. Ẹ wo àwọn ará Ganvié lórí ọ̀sà Nokoué, ẹ wo àwọn ará Aguégués ní tòsí Àjàṣẹ́ níbí. Wọ́n máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ inú ẹrẹ̀ ọ̀sà tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n sì ń pè é ní akaja. Ẹ̀ka náà ń di yíyọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Alààyè kéékèèké kún ara rẹ̀, ẹja sì ń wá jẹun níbẹ̀, wọ́n ń sá pamọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, apẹja yóò fi àwọ̀n yí i ká, yóò sì kó ẹja. Iṣẹ́ akaja àti iṣẹ́ àgbá ìfọmi kì í ṣe ọ̀kan náà. Akaja ń bọ́ ẹja, àgbá ń fọ omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: ohun tí a bá ri sínú omi kò ní pẹ́ di ilé fún alààyè.

ÌṢIRÒ KÉKERÉ KAN

Ilé báwo ni àwọn òṣìṣẹ́ wa fẹ́? Ilé tí ojú rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọṣẹ ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ mú ọṣẹ kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sàǹtímítà 10. Ojú mẹ́fà ni ó ní. Ojú kan jẹ́ 10 lọ́nà 10, èyí ni 100. Ojú mẹ́fà jẹ́ 600.

Ẹ wá gé ọṣẹ náà sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sàǹtímítà 1 ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Ẹ ó rí ẹyọ 1000. Ẹyọ kan ní ojú mẹ́fà, ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1. Nítorí náà, ẹyọ kan jẹ́ 6. Ẹyọ 1000 jẹ́ 6000.

Ọṣẹ kò pọ̀ sí i, kò dín kù. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ni, ẹni tí ó lè gbé inú rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́wàá pẹ̀lú.

Àṣírí àwọn ike òkè òkun náà nìyí. Wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n ṣe é ní gbágungbàgun, kí ojú rẹ̀ lè pọ̀ nínú àyè kékeré. Ẹni tí ń tà á kò parọ́, ó dára. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí kò mọ iye tí a ra ilé rẹ̀.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍ Ẹ̀YÌN ILÉ

Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn ohun tí a lè lò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó dára lára rẹ̀ àti ohun tí kò dára.

Èkíní ni àpáàdì. Ìkòkò tí ó fọ́ kò ṣòro rí ní àárín wa. Ara àpáàdì kì í dán, ó ní ihò tíntìntín, alààyè kéékèèké sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kí ẹyọ kan tó awẹ́ obì. Ẹ fi omi ṣàn án títí eruku rẹ̀ yóò fi tán. Ẹ má ṣe lo àwo tí wọ́n kùn ní ọ̀dà.

Èkejì ni òkúta wẹ́wẹ́. Ó wà níbi gbogbo tí wọ́n bá ń kọ́ ilé. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó wúwo, àlàfo àárín rẹ̀ sì kéré. Bí ìdọ̀tí bá wọ ibẹ̀, omi kò ní ráyè kọjá. Ẹ yan èyí tí ó tóbi díẹ̀, kí ẹ sì sẹ́ iyanrìn kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìdérí ike, èyí tí a fi ń dé ìgò omi àti ìgò ọtí dídùn. Bí ìnáwó bá parí, ẹ rán àwọn ọmọ kí wọ́n ṣà á jọ. Ó fúyẹ́, omi sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá dáadáa. Ẹ dá ihò sí i láàárín. Ẹ rántí pé ìdérí ike ń léfòó. Nítorí náà, ẹ dà á sínú àpò aláwọ̀n tí wọ́n fi ń di àlùbọ́sà, kí ẹ sì fi òkúta kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìdérí onírin kò dára, nítorí ó ń dógùn-ún.

Ẹ̀kẹrin ni ìgò omi oníke. Ẹ fi ọ̀bẹ tàbí àlùmọ́gàjí gé e ní róbótó róbótó bí òrùka. Èyí kì í léfòó bí ìdérí rẹ̀, ó ń rì.

Ẹ̀karùn-ún ni àwọ̀n àwọn apẹja tí ó ti gbó. Ẹ tọrọ rẹ̀ létí ọ̀sà. Ẹ fọ iyọ̀ àti ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì ká a jọ láìfún un pọ̀. Okùn àwọ̀n tínrín, ó sì pọ̀, nítorí náà ojú rẹ̀ pọ̀ gan-an.

Ẹ̀kẹfà ni kànrìnkàn oníke tí a fi ń fọ ìkòkò. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó fúyẹ́, kò sì gbówó lórí ní ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Èyí tí wọ́n ti fi ọṣẹ sínú rẹ̀ kò dára, èyí tí a fi irin ṣe kò dára.

Èkeje ni fóòmù ìbùsùn. Ojú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba ìdọ̀tí sínú kíákíá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó wà níwájú, kí ó máa dá ìdọ̀tí dúró kí omi tó dé àgbá.

Ẹ gbọ́ èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ lò rárá. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ tí ẹ ń gbin òwú, ẹ má ṣe mú ike, àgbá tàbí àpò tí oògùn òwú ti wà nínú rẹ̀ rí. Bí ẹ fọ̀ ọ́ ní ìgbà 20, májèlé ṣì lè wà lára rẹ̀. Yóò pa ẹja, ẹni tí ó bá sì jẹ ẹja náà wà nínú ewu. Ẹ má ṣe lo bàbà, nítorí májèlé ni fún ẹja nínú omi. Ẹ má ṣe lo ohun tí ń jẹrà, bí igi tútù tàbí èèpo àgbọn. Bí ó ti ń jẹrà, ó ń gba afẹ́fẹ́ inú omi lọ́wọ́ ẹja.

BÍ A ṢE Ń TÒ Ó

Ẹ wá àgbá oníke tí ó mọ́, tí oúnjẹ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tèmi gba lítà 200. Ẹ gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga ju ojú omi adágún lọ.

Ẹ to bíríkì díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ inú àgbá, kí ẹ sì gbé apẹ̀rẹ̀ oníke tí ó ní ihò lé e. Orí apẹ̀rẹ̀ yìí ni kí ẹ da àpáàdì, ìdérí tàbí àwọ̀n yín sí, títí àgbá yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, ẹ lu ihò, kí ẹ sì ki ọ̀pá ike bọ̀ ọ́, kí omi lè padà sínú adágún.

Ẹ̀rọ kékeré tí ń fa omi yóò gbé omi láti inú adágún lọ sókè. Omi náà yóò kọ́kọ́ gba inú garawa kan tí fóòmù wà nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti dà sórí àpáàdì bí òjò. Yóò máa ṣàn lára wọn lọ sísàlẹ̀, yóò sì padà sọ́dọ̀ ẹja. Ó dára kí gbogbo omi adágún lè gba inú àgbá kọjá lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí kan sí méjì.

Bí iná mànàmáná bá lọ ńkọ́? Ẹ fi igbá bu omi láti inú adágún, kí ẹ máa dà á sórí àpáàdì lóòrèkóòrè, kí ó má baà gbẹ. Àpáàdì tí ó tutù, tí afẹ́fẹ́ sì ń kan, lè dúró fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n àpáàdì tí ó wà nínú omi tí kò ṣàn mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ yóò gbé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mu tán, wọn yóò sì kú. Bí omi bá ti dákẹ́ pẹ́ nínú àgbá tí ó sì ń rùn, ẹ dà á nù sílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹja.

OHUN TÍ OWÓ KÒ LÈ RÀ

Àgbá wà, àpáàdì wà, omi ń ṣàn. Ṣé a lè kó ẹja 60 sí i lónìí? Rárá o. Ilé ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, àwọn onílé kò tí ì dé.

Àwọn òṣìṣẹ́ wa kì í yára bí sí i. Kòkòrò tí ń mú oúnjẹ bàjẹ́ lè di ìlọ́po méjì kí wákàtí kan tó pé. Ti àwọn wọ̀nyí lè tó odindi ọjọ́ kan. Nítorí náà, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹni tí ó ra ike òkè òkun yóò dúró, ẹni tí ó lo àpáàdì yóò dúró. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ fi ẹja díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èmi fi 10 bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi wọn ní àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá lówó lè ra oògùn ìdánwò tí a ń kán sínú omi. Àwọ̀ omi náà yóò sọ bí amóníà bá wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, kí ó máa wo ẹja. Bí wọn kò bá jẹun bí ti tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń pọ̀ sójú omi láìlọ sísàlẹ̀, ẹ pààrọ̀ omi kíákíá.

Ọ̀nà kan wà tí ó yá ju èyí lọ. Bí aládùúgbò yín bá ní àgbá tí ó ti dàgbà, tí ẹja rẹ̀ kò sì ṣàìsàn, ẹ tọrọ àpáàdì apẹ̀rẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbé e wá ní tútù, ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ lọ́nà. Ẹ ti gba àwọn onílé wálé nìyẹn, bí ẹni tí ó gba ìwúkàrà lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì.

Ẹ̀SÙN TÍ ÌWÉ KÉKERÉ KAN PARÍ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbo ilé kan tí kò jìnnà sí tèmi.

Ìyálé kan wà níbẹ̀ tí èmi àti òun jọ ń lọ sí kíláàsì àgbà. Owó èsúsú tí ó kó ni ó fi ń sin ẹja. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ó dà sínú àgbá rẹ̀. Ó ní sùúrù, ó ń fi ẹja kún ẹja, títí wọ́n fi di 60. Wọ́n dàgbà fún oṣù mẹ́ta, ó sì ti ń ronú owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lórí wọn.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ẹja 11 léfòó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, 23 léfòó. Omi náà mọ́ gaara.

Inú agbo ilé gbóná. Ìyàwó kékeré ni ó máa ń fún ẹja ní oúnjẹ bí ìyálé bá lọ sí ọjà. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ta ni ó tún ń sún mọ́ omi náà?" Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sọ ọ́ sí i lójú pé ó da nǹkan sínú omi. Ìyàwó sunkún, ó búra. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó ní òun ń padà sí ilé bàbá òun ní Kétu.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí kí n wá wo omi. Mo kí wọn, mo sì bi ìyálé pé, "Ìyá wa, kí ni ẹ ṣe sí àgbá yìí lọ́sẹ̀ yìí?"

Ó ní, "N kò ṣe nǹkan kan sí i."

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó mú ìwé rẹ̀ wá. Olùkọ́ wa ti ní kí ẹni tí ń sin nǹkan máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, oúnjẹ tí ó fún wọn, iye tí ó kú. Ìyálé mú ìwé náà wá. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń kà á sókè: "Ọjọ́ Àìkú. Àlejò ń bọ̀. Mo kó òkúta jáde. Mo fi ọṣẹ àti jáfẹ́lì fọ̀ ọ́. Mo fi omi ẹ̀rọ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mọ́."

Ó dákẹ́. Ó tún un kà.

Mo wá ṣàlàyé. Jáfẹ́lì ti pa gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà lára òkúta. Ó ṣan òkúta náà dáadáa, nítorí náà ẹja kò kú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun lọ, amóníà sì ń pọ̀ sí i ní ọjọ́ Ajé, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní Ọjọ́rú. Kò sí ẹni tí ó gbà á mọ́. Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́bọ̀, omi ti di májèlé. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀.

Baálé ilé ní, "Ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a dán an wò."

A pààrọ̀ ìdajì omi náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. A kò fún ẹja ní oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé àpáàdì apẹ̀rẹ̀ kan wá láti inú àgbá mi, omi sì ń kán lára rẹ̀. A dà á sórí òkúta wọn. Ẹja 26 ni ó kù. Méjì kú mọ́jú, 24 sì yè.

Nígbà tí ó tó àkókò láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní oúnjẹ, ìyálé gbé agolo oúnjẹ ẹja, ó sì pe ìyàwó. Ó nà án sí i lójú gbogbo agbo ilé. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó gbà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, òun ni ó ń bọ́ wọn, ẹyọ kan kò kú. Ẹrù tí a dì ti tú.

Ẹja 36 ni ìyálé pàdánù, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó kọ sínú ìwé, ohun tí agbo ilé náà ìbá pàdánù ju ẹja lọ.

ÒFIN MÁRÙN-ÚN

Ẹ kọ àwọn òfin yìí sínú ìwé yín.

1. Ẹ má ṣe fi ọṣẹ tàbí jáfẹ́lì kan ohun tí ó wà nínú àgbá. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ bu omi adágún sínú garawa, kí ẹ sì fi í ṣàn án díẹ̀. Yíyọ̀ ara rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gbin.

2. Ẹ má ṣe fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fọ apá kan lónìí. Ẹ fi apá kejì sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

3. Ẹ má ṣe da omi ẹ̀rọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sí adágún. Oògùn tí ń pa kòkòrò wà nínú rẹ̀, ọmọ ìyá jáfẹ́lì ni. Ẹ bù ú sínú ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ kan.

4. Ẹ fún ẹja ní ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ kó o jáde.

5. Ẹ kọ ohun gbogbo sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Ó ku ohun kan. A sọ pé nítírátì ni ó ń gbẹ̀yìn, oúnjẹ ewéko sì ni. Ó ń pọ̀ sí i nínú omi díẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń bu garawa 10 jáde nínú adágún mi lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀. Èyí tí mo bù jáde, n kì í dà á nù. Ìdí tẹ̀tẹ̀ àti gbọ̀mà ni mo ń bù ú sí. Irú ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ibùdó Songhai, èyí tí Àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí ní ọdún 1985: pé ohun tí nǹkan kan sọ nù jẹ́ oúnjẹ fún òmíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá fẹ́ sin ẹja, ẹ má ṣe jẹ́ kí iye owó ike òkè òkun lé yín sá. Ẹ yí ẹ̀yìn ilé yín ká. Ẹ wo ohun tí ó fọ́, ohun tí ó gbó, ohun tí àwọn ọmọ ń tàpá sí. Ẹ ṣà á jọ, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dà á sínú àgbá. Lẹ́yìn náà, ẹ ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ẹja yín bá dàgbà tán, ẹ pe aládùúgbò yín kí ó wá wò ó, kí ẹ sì fún un ní àpáàdì tútù apẹ̀rẹ̀ kan, kí òun náà lè bẹ̀rẹ̀.